Ọmọ Tó Ń Múra De Sátidé

Ọmọ mi ní bí mo bá máa kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí díẹ̀, torí orúkọ ni nǹkan tí mo ní. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Mo mọ orúkọ ọkùnrin tó ń gbé lẹ́tà wá sí àdúgbò wa ní Mitchellville, mo mọ ti ìyàwó rẹ̀, mo mọ ti ajá wọn. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀run, èmi ni wọn yóò fi ṣe akọ̀wé ẹnubodè. Òun ló ṣáájú mi débẹ̀. Nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ọmọ wa yìí ló ti sùn tí kò jí mọ́, ilẹ̀ Maryland níbí la sì sin ín sí, níbi tí gbogbo ibojì ti rí bákan náà, tí wọ́n ń gé koríko orí wọn bí ìgbà tí èèyàn ń gẹrun. Kò tíì pé ọdún kan tí a sin ín tí ọmọ náà fi dé.

Ọmọ tí mò ń wí ni èyí tí ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ gbà ṣọmọ. Ọmọbìnrin mi ti wá ọmọ títí. Oyún wá, oyún lọ. N kò ní ka iye wọn síbí. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹnjinníà, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń wo ojú sánmà lẹ́bàá Greenbelt. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nínú ìjọ ni wọ́n ti gbọ́ nípa àjọ onígbàgbọ́ kan tó ń mú ọmọ òrukàn wá láti Nàìjíríà àti ilẹ̀ mìíràn fún àwọn tí kò rí ọmọ bí. N kò ní dárúkọ àjọ náà pẹ̀lú. Nínú ọkàn mi, Àwọn Aláàánú ni mò ń pè wọ́n, n kì í sì í rẹ́rìn-ín bí mo bá ń pè é.

Obìnrin tó ń ṣojú wọn lọ́dọ̀ wa kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi, díákónẹ́ẹ̀sì ní ìjọ ńlá kan. Sístà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ohùn rẹ̀ tutù, lọ́fínńdà rẹ̀ sì máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó jókòó sórí sófà wa, ó di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó sì sọ ìtàn ọmọ náà fún wa. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti rí i ní Èkó, ìkókó ni nígbà náà. Kò sí bàbá, kò sí ìyá, kò sí ẹni tó wá a wá. Ilé àwọn ọmọ tí àjọ náà ń bójú tó ló ti dàgbà tó fi tó ọmọ ọdún márùn-ún.

Ọmọ mi ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Èmi ní tèmi, mo béèrè ohun tó wá sí mi lọ́kàn.

"Sístà, ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

"Àwa ni, Màmá. Orúkọ Bíbélì la fún un."

"Ẹ ṣeun o. Apá ibo ní Èkó gan-an ni ẹ̀bá ọ̀nà yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹsẹ Sáàmù kan dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ìbéèrè tí mo bi í tí kò fi ẹsẹ Bíbélì dáhùn. Èmi náà ń ka Bíbélì, àárọ̀ àti alẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè pé níbo lo ti ra ẹran yìí, tí o wá ka Jẹ́nẹ́sísì fún mi, n ó yẹ ẹran náà wò dáadáa kí n tó gbé e sórí iná.

Ìgbà òtútù ni ọmọ náà dé. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó bo gbogbo ara rẹ̀, ojú nìkan ló yọ. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi yàrá rẹ̀ hàn án, pẹ̀lú ibùsùn tí wọ́n kun ní àwọ̀ òdòdó àti bèbí tó kún orí rẹ̀, ó wò wọ́n bí ẹni tó wọ ilé onílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà ní kíṣìnì, mò ń po ọ́ọ̀tì mi. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ náà wọlé, ó fi eékún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ níwájú mi, ó sì kí mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará ìlú ọkọ mi. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìbàdàn, "Ẹ káàárọ̀" ti tó. Ṣùgbọ́n ní ìlú ọkọ mi, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀, tí ọmọ yóò kúnlẹ̀ wí fún àwọn òbí rẹ̀ kó tó sọ nǹkan mìíràn. Ọmọ ilé yìí kì í kí bí ọmọ ilé yẹn. Bí o bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ, o ti mọ ẹnu ọ̀nà tó ti jáde. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun níbẹ̀, ìyá ọkọ mi a máa mú mi jókòó sí ìta ní ìdájí, kí n lè máa gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kí lọ́tùn-ún lósì. Ó ní ìyàwó tí kò mọ ìkíni yóò ṣi ọmọ ọlọ́mọ nà lọ́jọ́ kan. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. N kò ní kọ èyí tí ọmọ náà fi kí mi síbí, torí ẹni tó bá mọ ìlú wa yóò mọ ilé náà. Kì í ṣe ti ilé wa. Ti ilé tí ògiri wọn kan tiwa ni.

Ó ti pẹ́ tí etí mi ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà ayé ọkọ mi, àwọn ọmọ wa a máa kí i bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ní ti ilé wọn. Látìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tí wọ́n tún fẹ́ kí. Mo jókòó. Mo dá ọmọ náà lóhùn bí ìyá ilé yẹn ì bá ṣe dá a lóhùn, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín ní Àmẹ́ríkà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ẹ̀rín yẹn ni ọkàn mi ti ń sọ nǹkan mìíràn. Ìkókó tí wọ́n rí ní ẹ̀bá ọ̀nà Èkó, ta ló kọ́ ọ ní ìkíni ilé kan ní ìlú ọkọ mi, tó jìn sí Èkó tó bẹ́ẹ̀?

Mo sọ fún ọmọ mi lọ́jọ́ náà. Ó ń múra ibi iṣẹ́, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Màámi, bóyá ẹ kò gbọ́ ọ dáadáa."

"Mo gbọ́ ọ. Mo tún dá a lóhùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ ọlọ́pàá dé."

Mo dákẹ́. Ẹni tó ti wá ọmọ tó bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í fi ìbéèrè pàdé e lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ kọ́ ni gbígbàgbọ́.

Nǹkan kejì tó ń yà mí lẹ́nu ni ti Sátidé. Lójoojúmọ́, aṣọ tí a bá fún ọmọ náà ni yóò wọ̀. Bó bá di Sátidé, lẹ́yìn ìwẹ̀, yóò wá bá mi, yóò ní, "Gránmà, aṣọ tó dáa." Yóò wọ èyí tó ní kọ́là funfun, yóò ní kí n bá òun fi ìpara pa ẹsẹ̀, yóò sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, níbi tí gíláàsì ẹnu ọ̀nà wà. Ní àdúgbò wa, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Ilé tóbi, wọ́n jìnnà síra, mọ́tò ni gbogbo èèyàn ń wọ̀. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, ọmọ náà á nàró. Bó bá kọjá, á padà jókòó. Ó di ọ̀sán kó tó dìde kúrò níbẹ̀.

"Ó fẹ́ràn mọ́tò," ni ọkọ ọmọ mi wí. Inú rẹ̀ dùn. "Ẹnjinníà lòun náà máa ṣe."

Mo ti tọ́ ọmọ rí. Ọmọ tó fẹ́ràn mọ́tò kì í fi ìpara pa ẹsẹ̀ kó tó wò ó.

Nígbà tó ṣe, àjọ náà pe gbogbo ìdílé tó ti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn sí ìdúpẹ́ ọdọọdún, ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n háyà lápá Glenarden. Òyìnbó wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ tí n kò mọ̀. Wọ́n ń pe wọn sórí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ìtàn wọn, àwọn èèyàn ń nu ojú, agbọ̀n ọrẹ sì ń lọ láti ìlà kan sí èkejì. Ó kan tiwa. Sístà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni wọ́n gbé e jù sí, nínú páálí, nígbà òjò.

Lórí sófà wa, ẹ̀bá ọ̀nà ni. Kò sí òjò níbẹ̀, kò sí páálí.

Mo dúró dè é níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ.

"Sístà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìtàn tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé ti ọmọ wa ni àbí ti ẹlòmíràn?"

"Háà, Màmá. Ẹ fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín."

"N kò fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín rárá. Ẹ̀bá ọ̀nà lẹ ní nígbà yẹn."

"Màmá, ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé ó ti dé ilé." Ó bù mí ní ìrẹsì kún abọ́, ó sì yí sí ẹlòmíràn.

Mo gbé ìrẹsì náà délé láìjẹ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ilé dá, mo fi fóònù pe àbúrò ọkọ mi obìnrin nílé. Mo jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé kí n tó wọ̀ ọ́, nítorí náà ìyàwó rẹ̀ ni mí títí dòní. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kí ó bá mi wo orí ògiri sílé kejì, kí ó béèrè bóyá ọmọ wọn kan sọnù.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé Àmẹ́ríkà ti wá sọ ẹ́ di ọlọ́pàá inú ni?"

"Ọkọ mi, ẹ ṣáà bá mi béèrè."

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá o jẹun kó o tó pè mí. Ohùn rẹ gbẹ."

"Mo jẹun."

"Irọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kú, o ò jẹun dáadáa látìgbà náà. Mo ń bọ̀ wá sórí èyí. Jẹ́ kí n lọ béèrè ná."

Kò tètè pè mí padà. Nígbà tó pè, ó kọ́kọ́ bú mi. Ó ní àwọn ará ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òun jà, wọ́n ní ọmọ tiwọn kì í sọnù, kí a lọ ka tiwa. Mo ti fi ọkàn mi ro odindi ìtàn kan: bàbá kan nínú agbo ilé yẹn, ìyá kan tó ń sunkún, ẹni burúkú kan tó jí ọmọ gbé. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n," ó ní, "wọ́n ní ọmọbìnrin ilé wọn kan tó jẹ́ opó ń se oúnjẹ ní ilé àwọn ọmọ kan ní ìlú tó tẹ̀lé tiwa. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àmẹ́ríkà ló ń fowó ránṣẹ́ síbẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ń kí bí ọmọ ilé wọn, torí òun ló ń kọ́ wọn. Ó ní ọmọ tí kò ní ohun tí yóò fi kí èèyàn láàárọ̀, bí ẹni tí kò ní aṣọ ni."

Mo ṣi ọ̀nà, síbẹ̀ mo bá nǹkan pàdé. Ọmọ náà kì í ṣe ti ilé yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Èkó ló ti wá. Sístà ti sọ ọ̀nà méjì fún wa, ọ̀kankan nínú wọn kò sì dé ìlú tí ọmọ náà ti wá.

Àbúrò ọkọ mi fún obìnrin alásè náà ní nọ́ńbà mi, ó sì pè mí fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìró abọ́ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí mi títí, ó sì béèrè bóyá ọmọ náà ń jẹun.

"Ó ń jẹun."

"Ẹ máa bá a yọ àlùbọ́sà o, mà. Kì í fẹ́ rí i."

"A ti mọ̀."

"Ẹ ṣeun. N ó lè sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà náà. Sátidé tó kọjá ló tún wá, ó ní bóyá a ti gbọ́ nǹkan látọ̀dọ̀ yín."

Mo ní, "Ìyá ta ni?"

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Ìyá ọmọ yìí náà ni, mà. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́. Ìyá ọmọ náà ń ṣe iṣẹ́ alágbàṣe ní oko kòkó olóko. Bàbá ọmọ ti kú. Kò sí súkùù ní abúlé oko tí wọ́n wà, ló fi mú ọmọ wá sí ilé náà kó lè kàwé. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá wò ó ní gbogbo Sátidé. Bó bá kù díẹ̀ kó dé, obìnrin alásè yìí ni ó máa ń wọ aṣọ tó dáa fún ọmọ náà, tí yóò fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, kí ìyá má baà rí i ní ẹsẹ̀ gbígbẹ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ fún ìyá náà pé àwọn onígbàgbọ́ kan fẹ́ bá a tọ́ ọmọ rẹ̀ ní Àmẹ́ríkà. Ó dúpẹ́, ó tẹ̀ka níbi tí wọ́n ní kó tẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ létí wa. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ti dàgbà ní Ìbàdàn. Nígbà tí èmi náà lọ́kọ, ọmọ àgbàtọ́ kò tán ní ilé wa rí. Mo lè ka orúkọ gbogbo wọn títí kan èyí tó ń fi ẹnu fọn fèrè lójú oorun. Wọ́n jẹ oúnjẹ wa, a nà wọ́n, a rán wọn lọ síléèwé, wọ́n sì ń lọ kí ìyá wọn ní ọdún Kérésì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo sọ fún pé ìyá rẹ̀ ti parẹ́. Ìyá tó fi ọmọ fún ọ tọ́, ó fi ọ́ kún ara rẹ̀ ni, kò fi ara rẹ̀ rọ́pò. Òyìnbó lè ṣàì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni Sístà. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun náà kò mọ ohun tí ìyá yẹn rò pé òun ń ṣe, n ó bi í pé ilé ta ni wọ́n ti tọ́ Sístà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìjọ. Ó jókòó ti tábìlì pẹ̀lú gèlè lórí.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe, Màámi? Kí n dá a padà bí aṣọ tí kò bá mi mu?"

"N kò ní kó o dá a padà."

"Ó ti ń pè mí ní Mọ́mì. Ẹ gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n má mọ̀."

Ó pe Sístà. Sístà wá, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú. Ó ní ohun gbogbo bá òfin mu, ìyá náà ti tọwọ́ bọ̀wé.

"Ẹ sọ fún wa pé kò ní ìyá," ni ọkọ ọmọ mi wí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Mo ní kò ní ìyá tó lè tọ́ ọ."

"Kì í ṣe bí ẹ ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Bùrọ́dà, ẹ fetí sí mi. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn sọ̀rọ̀, lónìí, owó ilé ìwòsàn. Lọ́la, owó òrùlé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Èmi ni mo béèrè pé, "Àwọn wo ni 'wọn', Sístà?"

Kò rí ẹsẹ Bíbélì fún ìyẹn. Ó kọjú sí ọmọ mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá dé etí ìjọba, wọ́n lè wá gbé ọmọ náà kúrò nílé títí wọn yóò fi wádìí. Mo rí i bí ẹ̀rù ṣe wọ ojú ọmọ mi. Òun ló sìn ín dé ìdí mọ́tò, wọ́n sì dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n mọ́."

N kò pè. Ṣùgbọ́n ilé wa yí padà. Bí fóònù mi bá dún, ọmọ mi á yọjú láti inú yàrá. Bí tirẹ̀ bá dún, èmi náà á dín ìró tẹlifíṣọ̀n kù. Ìyá àti ọmọ, a ń ṣọ́ ara wa bí ayálégbé méjì tí ẹran wọn sọnù nínú ìkòkò kan náà. Ọmọ náà sì ń múra ní gbogbo Sátidé.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àbúrò ọkọ mi fúnra rẹ̀ pè. Wọ́n ti lé obìnrin alásè náà kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ó ń tú àṣírí. Ó ti padà sí ilé bàbá rẹ̀, lẹ́yìn ògiri wa.

Mo ro ó sọ́tùn-ún, mo ro ó sósì. N kò sọ ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ fún Sístà. Mo wo ọkọ ọmọ mi nígbà oúnjẹ, mo wo ọmọ mi. Mo ní, "Wọ́n ti lé obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni." Ọkọ rẹ̀ gbé orí sókè, ó ní ta ni wọ́n lé. Ọmọ mi kò gbé orí sókè.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ó ní. "Ní ìdí mọ́tò. Ó bi mí pé ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́. Mo rò pé ó kàn fẹ́ mọ̀ ni."

N kò bá a wí. Ìtìjú tó wà lójú rẹ̀ ti tó ìyà fún un.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, mo rí ọmọ mi lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ó jókòó ti ọmọ náà. Àwọn méjèèjì ń wo ìta. Mo dúró lókè, wọn ò rí mi.

"Ta lò ń dúró dè?" Yorùbá ló fi bi í. Kì í sábà bá a sọ Yorùbá.

"Màmá Sátidé."

"Ta ni Màmá Sátidé?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ni omi. "Màmá mi. Ìwọ ni Mọ́mì."

Mọ́tò kan kọjá. Ọmọ náà nàró, ó padà jókòó. Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kígbe pè mí, láìwẹ̀yìn, bí ẹni tó ti mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ látàárọ̀.

"Màámi, ẹ pè wọ́n."

Lọ́dọ̀ tiwọn nílé, ọjọ́ ti rọ̀. Àbúrò ọkọ mi gbé fóònù kọjá sílé kejì, a sì ń rí ògiri lójú fóònù, a ń rí adìyẹ, a ń rí gbogbo nǹkan àfi ojú èèyàn. Obìnrin alásè ló gba fóònù náà tó sì gbé e tọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó kéré sí ọmọ mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Ọ̀dọ̀ obìnrin alásè ló tún ń wá báyìí ní Sátidé, torí kò mọ ibòmíràn tí ì bá ti gbọ́ nípa ọmọ rẹ̀. Bó ṣe rí wa, ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

Ó pe ọmọ náà ní orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò gbọ́ rí. Ọmọ náà dáhùn kíá, bí ìgbà tí wọ́n pè é láti yàrá kejì. Mo ti mọ orúkọ náà báyìí. N kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ó béèrè bóyá òtútù ń mú un. Ó ní kó ṣí ẹnu, ó wo eyín rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ mi.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi, mà. Ọlọ́run á bá yín tọ́ tiyín. Bó bá ṣàìgbọ́ràn, ẹ bá mi nà án o, ẹ má wo ojú mi." Ó tún ní, "Mo fẹ́ béèrè, mà. Ìgbà wo ni súkùù wọn máa ń gba ọlidé níbẹ̀?"

Mo ti mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ń bọ̀, n kò sì fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá dé. Lójú òfin ibí, kò sí ọlidé tí ọmọ náà ní láti lọ. Ọmọ mi ni òfin mọ̀ sí ìyá rẹ̀, ilé ìyá rẹ̀ ló sì wà. Mo wo ọmọ mi. Mo wo ọkọ rẹ̀ tó dúró ti ògiri pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ọmọ mi bá ṣàlàyé òfin fún obìnrin yẹn nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹnì kan ò sì ní jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́.

Ọmọ mi ní, "Oṣù kẹfà."

"Oṣù kẹfà," ni obìnrin náà tún un wí, ó sì yí sí obìnrin alásè, ó sọ ọ́ fún un bí ẹni pé ìyẹn ò gbọ́.

Nígbà tí fóònù kú, ọkọ ọmọ mi ní, "Ṣé o mọ ohun tó o sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bí wọn ò bá jẹ́ kó padà ńkọ́?"

"Àwa náà ò ṣáà jẹ́ kó padà."

Wọ́n ti lọ rí lọ́yà kan. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ra. Sístà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó fẹ́ kí ọmọ náà tún gun orí pèpéle níbi ìdúpẹ́ ọdún yìí, kó ka ẹsẹ kan. Ọmọ mi fèsì pé a ò ní sí nílé. Kò sọ ibi tí a ń lọ, èmi náà kò sì sọ ọ́. A ti kọ́ ọgbọ́n ní ìdí mọ́tò.

Èmi kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tán. Mò ń rò pé ìyá ọmọ náà lè di ọmọ rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ kàn án, n kò sì mọ ẹni tí yóò bá a wí. Mò ń rò pé ọmọ tèmi lè jí lọ́jọ́ kan kó sì rántí pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ní Sátidé, ọmọ náà ṣì ń múra. A máa ń gbé fóònù ti àtẹ̀gùn, wọ́n á bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ìkíni tó ń kí kì í ṣe ti ilé àwọn, pé àwọn kì í ṣe ará ìlú yẹn rárá. Bí wọ́n bá parí, ọmọ náà kì í bọ́ aṣọ. Yóò ṣì jókòó níbẹ̀, yóò máa wo ẹnu ọ̀nà, torí fóònù kì í ṣe èèyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé fún oṣù kẹfà. Mo ní ó dáa. Mo jẹun tán, mo fọ ọwọ́, mo ní kó fi hàn mí. Ó wò mí títí, ó sì gbé fóònù rẹ̀ fún mi. Mo wọ gíláàsì ojú mi, mo wá orúkọ ọmọ náà níbẹ̀, mo rí i, orúkọ Bíbélì tí wọ́n fún un. Mo fi ìka tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin kí n tó dá fóònù náà padà.